Bàbá Kọ́kọ́rọ́ àti Ilẹ̀kùn Inú Géèmù

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn jù nípa olóògbé Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni ti ọ̀sán ọjọ́ tó fi dúró de onílé tí kì í ṣe èèyàn.

Ogójì ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó di pádì géèmù mú gírígírí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Nínú géèmù náà, ọkùnrin tó ń darí ti wọ ilé kan, ó sì ti rí àpótí kan tí wọ́n tì pa lábẹ́ ibùsùn. Gbogbo ẹni tó ti gbá géèmù yẹn rí ló mọ ohun tó kàn: èèyàn á já àpótí, á kó ohun tó wà nínú rẹ̀, á bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní rárá. Ó mú ọkùnrin rẹ̀ jáde, ó dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wá na ọrùn sí tẹlifíṣọ̀n, ó ké: "Àgò onílé o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ń dúró.

Ibi tó ti ń dúró ni obìnrin kan tó ń ṣe akọ̀wé ní báńkì ti já wọlé, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀. "Bàbá, ẹ gbà mí! Ilẹ̀kùn ti tì mọ́ mi síta, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé, ọbẹ̀ mi sì wà lórí iná!"

"Ẹ ṣe sùúrù. Onílé ni mò ń dúró dè."

"Onílé wo, Bàbá? Èmi ni onílé!"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Irọ́ lẹ pa. Onílé yìí nírùngbọ̀n."

Ọbẹ̀ jóná. Ọmọbìnrin Bàbá Kọ́kọ́rọ́, aránṣọ tó ń lo yàrá iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ló bá a bẹ akọ̀wé. Òun náà ló sì jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí tí a bá wo gbòǹgbò rẹ̀, torí òun ló gbé géèmù wọlé. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, Bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́. Láti àárọ̀ dalẹ́, á jókòó, á máa fi ayùn wẹ́wẹ́ ha kọ́kọ́rọ́ tí kò sí ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Ìró ayùn yẹn ń ha aránṣọ lọ́kàn. Ìgbà tí oníbàárà rẹ̀ kan ń kó lọ sí ibòmíràn tó sì fi ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan ta á lọ́rẹ, ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ fi ṣeré, Bàbá."

"Àgbàlagbà bíi tèmi kì í ṣeré."

Ọjọ́ mẹ́ta kò pé tí ohùn kan fi pè é láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ohùn tó ti ń gbàdúrà kóun tún gbọ́: "Ọmọ mi, báwo ni wọ́n ṣe ń fò?"

Àwọn géèmù tó fẹ́ràn ni èyí tí èèyàn fi ń di ẹlòmíràn: èèyàn á gbé ayé ẹni ẹlẹ́ni wọ̀, á máa rìn kiri, á máa yan ohun tó máa ṣe. Àwọn yòókù ń yan idà. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń yan ẹ̀bẹ̀. Nígbà kan, ìka rẹ̀ yọ̀ lórí bọ́tìnì, ó sì jí èso kan lórí àtẹ nínú géèmù. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó gbéra, ó lọ fi ara rẹ̀ lé àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Géèmù fún un ní bọ́tìnì kan tí wọ́n fi ń fo ẹ̀wọ̀n kọjá, ó kọ̀ ọ́. Ó ní ọjọ́ méje lòun máa ṣe, ọjọ́ méje tòótọ́. Lọ́jọ́ kẹta, aránṣọ gbé adìẹ díndín wá fún un.

Ó wò ó, ó mi orí. "Gbé e lọ. Ṣé o ti rí ẹlẹ́wọ̀n tó ń jẹ adìẹ?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni Tíṣà, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Tíṣà ló mú ìròyìn wá. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó na fóònù rẹ̀ sí i, ó ní: "Wo ohun tí wọ́n ń ṣe bọ̀."

Fíìmù ìpolówó kékeré ni, ti géèmù tuntun tí kò tíì jáde. Aṣọ́bodè ni èèyàn máa jẹ́ níbẹ̀, nínú ìlú kan tí àìsàn tó ń ranni ti yí odi rẹ̀ ká. Ẹni tí o bá gbà wọlé lè kó ikú wọlé. Ẹni tí o bá lé padà á kú síta. Àwọn tó ṣe é ń fọ́nnu pé kò sí ọ̀nà tó mọ́ níbẹ̀, pé ohun yòówù kí o yàn, ẹnì kan á sunkún. Ìparí fíìmù náà ni ilẹ̀kùn igi ńlá kan. Ẹnì kan ń kàn án láti ìta. Ohùn obìnrin ni, ọmọ sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ méjì hàn: ṢÍ I, tàbí MÁ ṢÍ I.

Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. "Èyí á dùn!"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ, tó ń fi ẹnu já òwú lẹ́nu ọ̀nà yàrá, rí i pé ó tún fíìmù náà wò lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un wò lẹ́ẹ̀kẹta.

Láti ọjọ́ náà ni ìfòyà ti wọ ilé. Oṣù mẹ́sàn-án ló kù kí géèmù jáde, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sì ń múra sílẹ̀ bí ẹni tí ilé ẹjọ́ pè. Ó ra ìwé ìkọ̀wé kan, ó ń kọ àwọn ọ̀ràn tó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Á dá ẹjọ́ kan láàárọ̀, á fagi lé e lọ́sàn-án. Ó sọ pé ohun tó ń ba òun lẹ́rù jù ni pé òun kò tíì ṣìkà rí, bó bá sì di dandan ńkọ́? Ó pinnu láti fi Tíṣà kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí Tíṣà kí i káàárọ̀, kò dáhùn. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá lọ. Kò tíì dé orígun òpópónà tó fi sáré padà, ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́.

"Tíṣà, dákun, má bínú, mò ń fi ìwà ìkà dánra wò ni."

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀?" ni Tíṣà bi í. "Mi ò tíì fi igò sójú, mi ò mọ̀ pé ìwọ ni."

Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, àfi aránṣọ. Bàbá rẹ̀ kò jẹun dáadáa mọ́. Lọ́sàn-án, bó bá ń sùn lórí àga, ẹnu rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀. Aránṣọ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà fi rọ́bà di apá rẹ̀, ó fún un, ó wo òǹkà, ó tún un fún.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ló ń dà yín láàmú?"

"Ìbéèrè kan ni wọ́n fẹ́ bi mí."

"Àwọn ta ni?"

"Àwọn tó ṣe géèmù."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kọjú sí aránṣọ. "Ṣé Bàbá ń dá gbé ni?"

Nígbà tí oṣù mẹ́sàn-án pé, àwọn tó ṣe géèmù ní iṣẹ́ kò tíì parí, wọ́n sún un sí oṣù mẹ́rin síwájú. Aránṣọ dúpẹ́ nínú ara rẹ̀, ó rò pé ìsinmi dé. Àṣé ó ti ṣì í. Bàbá rẹ̀ fò sókè bí ẹni tí wọ́n ta lóró.

"Oṣù mẹ́rin! Ṣé wọ́n fẹ́ pa mí ni?"

Ìdí rèé tí aránṣọ fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tó yọ okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, tó sì kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ dákun. Ojúlówó àgbà lẹ jẹ́, ẹ kì í ṣe ọmọdé. Géèmù ni. Kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn?"

Nígbà tó yá, ó sọ ọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni. Nígbà yẹn, ọkùnrin kan tan Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ó ní òun ló ni ilé kan, Bàbá sì bá a ṣí i. Olè ni ọkùnrin náà. Ó kó ilé olówó ilé tán pátápátá. Láti ìgbà náà ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti búra pé ìbéèrè mẹ́ta lòun á máa bi oníbàárà kóun tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn: Ta ló ni ilé? Ta ló máa jẹ́rìí sí i? Èéṣe tí kọ́kọ́rọ́ kò fi sí lọ́wọ́ rẹ? Oṣù kan lẹ́yìn náà, nínú òjò, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sáré wá. Ó ní ọkọ òun ti tilẹ̀kùn, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ, ọmọ àwọn sì wà nínú ilé, ó ń ké. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé kò sí lórúkọ rẹ̀. Kò ní ẹlẹ́rìí. Bàbá ní kó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá.

"Kò bú mi," ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí. "Ó kàn wò mí, ó yí padà. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí kan. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Mi ò gbọ́ ẹkún mọ́. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí dòní. Ọmọ mi, dídákẹ́ tí ọmọ yẹn dákẹ́ ni mi ò lè gbàgbé."

Aránṣọ jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rù ohun tó lè wà ní ìparí ìtàn náà bà á. Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá rẹ̀ ni, kò lè fi ohun tó ti tì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Oṣù mẹ́rin wà lọ́wọ́ wa," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wá obìnrin náà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá rí. Àwọn aládùúgbò ìgbà náà ti kó lọ. Ọkọ náà ti kú. Ìgbà tó yá, bíríkìlà arúgbó kan ní òun mọ̀ ọ́n, pé ó ti di oníbúrẹ́dì ní ìkángun ìlú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní kí ọkọ̀ dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun gbàgbé igò ojú òun, ó sì wà lójú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò wá àwáwí kankan. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Aránṣọ fọwọ́ lé e lórúnkún, ó ní kí awakọ̀ máa lọ.

Oníbúrẹ́dì náà sanra, ìyẹ̀fun bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ṣí fìlà.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ó ti pẹ́. Alágádágodo ni mí. Nínú òjò ọjọ́ kan..."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ̀yin ọkùnrin Ìbéèrè Mẹ́ta!"

"Èmi ni." Ó gbá fìlà mọ́ àyà. "Mo fẹ́ mọ ohun kan ni. Báwo lẹ ṣe wọlé?"

"Ojú fèrèsé ni mo gbà." Ó fọwọ́ gba ìbàdí. "Àbí ẹ rò pé ẹnu ọ̀nà ni mo ṣì dúró sí látìgbà náà?"

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó ti sunkún títí ó fi sùn lọ kí n tó wọlé. Ó ti di nọ́ọ̀sì. Ó kàn ń pariwo ju bó ṣe ń pariwo nígbà náà lọ ni."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín, aránṣọ rẹ́rìn-ín, oníbúrẹ́dì pàápàá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọ̀, obìnrin náà na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àpá gígùn kan gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá. Ìka méjì kò sì lè ká mọ́.

"Gíláàsì fèrèsé ni. Mi ò níí purọ́ fún yín, nígbà òtútù ó ń dùn mí, mo sì máa ń rántí yín. Kì í ṣe sí rere."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dọ̀bálẹ̀ sínú ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀, àgbàlagbà gbọ̀nràn. Obìnrin náà ní kó dìde, pé òun kò ránṣẹ́ pè é wá gbálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, ó sì pààrọ̀ àgádágodo gbogbo ilé iṣẹ́ búrẹ́dì náà láìbéèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

Aránṣọ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ìfòyà ń lọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lọ tán. Bí ọjọ́ géèmù ṣe ń sún mọ́lé, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri yàrá. "Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe," ló ń wí, "ọ̀tọ̀ ni kó mọ̀ pé òun ò ní ṣe é mọ́."

Géèmù dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Aránṣọ pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Tíṣà gbé àga wá láti ilé. Wákàtí mẹ́ta ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fi kí gbogbo ará ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó dé ẹnu ibodè. Nígbà tó débẹ̀, ilẹ̀kùn náà ń dún. Obìnrin náà ń kàn án. Ọmọ ń ké.

ṢÍ I, tàbí MÁ ṢÍ I.

Ó gbé pádì sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fọwọ́ kàn án, tẹlifíṣọ̀n sì wà ní títàn, ilẹ̀kùn ń dún gbì, gbì, gbì. Aránṣọ ń ránṣọ sórí ìró náà, ó fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń béèrè pé, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn." Tíṣà kò lè gbà á mọ́ra mọ́.

"Ìṣirò lásán ni! Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló wà nínú ìlú, méjì ló wà níta. Má ṣí i!"

"Tíṣà," ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dáhùn, "ṣé o ti gbọ́ ìṣirò tó ń sunkún rí?"

Ó mú pádì. Aránṣọ fi ìka mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí iṣan ti ń lù. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ yan ṢÍ I.

Obìnrin náà wọlé. Àìsàn wọlé tẹ̀ lé e. Bí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wò, ilé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé. Àwọn tó kí lọ́jọ́ Ẹtì ń dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà dìde.

"Mo wí fún ọ! Padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Géèmù gbà bẹ́ẹ̀. Tún un yàn."

Omi ń dà lójú Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò gbé pádì sílẹ̀. "Rárá. Èyí náà, èmi ni mo ṣe é. Jẹ́ kí n jókòó tì í."

Lọ́jọ́ náà ló jẹ àwo oúnjẹ kan tán, ó sì béèrè èkejì.

Ó lo oṣù mẹ́rin sí i. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ní òun kò mọ oògùn tó ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aránṣọ gbé tíì wọlé, ó bá a lórí ibùsùn, ó ti lọ wọ́ọ́rọ́, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó ń wá. Níbi tí wọ́n ti wá bá a kẹ́dùn, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ìtàn onílé onírùngbọ̀n, àwọn èèyàn fi aṣọ bo ẹnu, èjìká wọn ń mì. Akọ̀wé báńkì ló rẹ́rìn-ín jù. Òun náà ló sunkún jù.

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí aránṣọ tó lè tan ẹ̀rọ náà. Ó ń rò pé òun á rí bí bàbá òun ṣe jìnnà tó nínú géèmù. Tíṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ya ẹnu.

"Kò lọ síbì kan. Oṣù mẹ́rin, kò kúrò nínú ìlú yẹn!"

Òótọ́ ni. Géèmù ń pè é sí ogun, ó ń pè é sí ààfin, ó ń kọ ọ́ gàdàgbà lókè tẹlifíṣọ̀n pé ìrìn àjò ń dúró dè é. Kò dá a lóhùn. Ohun tó wà nínú àpò ọkùnrin rẹ̀ ni omi àti aṣọ ìbora. Ilé àwọn aláìsàn ló ń wọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Géèmù kò san èrè kankan fún un. Kò tilẹ̀ kà á sí iṣẹ́. Tíṣà ní kò sí bí omi yẹn ṣe lè wo ẹnikẹ́ni sàn níbẹ̀, wọn kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn aláìsàn bá gbà á, wọ́n á gbórí sókè díẹ̀, wọ́n á ní, "O ṣé, aṣọ́bodè."

Aránṣọ mú pádì. Kò mọ̀ ọ́n lò, ó mú ọkùnrin náà lu ògiri, ó mú un ṣubú sínú kòtò omi, Tíṣà ń kígbe "Òsì! Òsì! Òsì yẹn kọ́!" títí àwọn méjèèjì fi ń rẹ́rìn-ín débi pé wọn ò rí iwájú. Níkẹyìn, wọ́n dé ilé kan ní ìparí òpópónà. Ìyá arúgbó kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Aránṣọ tẹ bọ́tìnì, ó fún un lómi.

"O ṣé, aṣọ́bodè," ni ìyá náà wí.

Tíṣà bọ́ igò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Aránṣọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tirẹ̀. "Ilé wo ló kàn?" ló bi í.